Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Mí-mí-dò

Ọjọ́ Sátidé ni, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ọyẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé oòrùn kò ju àmì funfun kan lọ lójú sánmà, ètè gbogbo ẹni tí ó ń kọjá sì ti gbẹ. Mo kọ wákàtí náà sílẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n kọ, n kì í fẹ́ kí ohunkóhun bọ́ lọ láìkọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan ní ẹ̀yìn òpópónà Allen, ní Ìkẹjà, pẹ̀lú ìwé kan tí mo ká sí mẹ́rin nínú àpò mi. Àwọn tí wọ́n jọ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ológun pẹ̀lú ọkọ mi ni wọ́n ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn níbẹ̀, láti rántí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti ṣubú lójú ogun. Mọ́kànlá ni àwọn tí ó ṣubú. Ọkọ mi wà nínú wọn. N kò wá sunkún lọ́jọ́ náà. Mo wá gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

N kò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí pé ọmọ mi ń jẹ́ ẹ ní ilé-ìwé. Ohùn rẹ̀ nìkan ni n óò kọ. Sílébù mẹ́ta ni ó ní: èkínní wà láàárín, èkejì lọ sísàlẹ̀, ẹ̀kẹta lọ sókè. Re-dò-mí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe pè é fún ọdún mẹ́jọ tí a fi jẹ́ tọkọtaya, kí ó tó di pé wọ́n gbé e wálé láti àríwá ìlà-oòrùn nínú pósí tí wọn kò jẹ́ kí a ṣí.

Ọdún kejì sí ikú rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí. Mo jókòó sórí àga oníke ní ìlà ẹ̀yìn, láàárín àwọn opó bíi tèmi, mo sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọ́n ní àṣà kan. Akọ̀wé wọn máa ń dúró síwájú, àwọn yòókù á tò ní ìlà mẹ́ta bí ẹni pé ọmọ ogun tuntun ni wọ́n ṣì jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn ti yọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí akọ̀wé bá ti pe orúkọ òkú kan, gbogbo wọn á jọ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá ilẹ̀, wọ́n á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Sà!" Ẹnì kan ṣàlàyé fún wa pé ní ibùdó tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ìyà ni ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn máa ń jẹ. Wọn kò fẹ́ kí àwọn òkú wọn jẹ ìyà, ìdí nìyí tí àwọn alààyè fi ń dáhùn fún wọn.

Mo fetí sílẹ̀ de orúkọ ọkọ mi. N kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ orúkọ mẹ́wàá tí mo mọ̀ tàbí tí opó kan ní ẹ̀gbẹ́ mi sunkún sí, mo sì gbọ́ ọ̀kan tí n kò mọ ẹni tí ó ni ín: Mí-mí-dò. Orúkọ náà jọ ti ará òkè Ọya létí mi. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó lágbára jù lọ. Ilẹ̀ gbọ̀n, àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ọkùnrin gíga kan ní ìlà iwájú sì gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ìlà àwa opó láti mọ ìyàwó ẹni náà. N kò rí ẹni tí ojú rẹ̀ yí padà. Mo jowú obìnrin náà síbẹ̀síbẹ̀. Mo wí nínú ara mi pé, wo ẹni tí ayé fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì wá. Èmi tí mo wá, wọ́n fo tèmi dá. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Agége, n kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n dì fún mi.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni mo mọ̀ pé ara mi ni mo ń jowú. Ọkùnrin gíga náà ni ó wá bá mi ní ìdí àga mi. Orúnkún rẹ̀ kan ti le, nítorí náà bí ó bá ń rìn, ńṣe ni ó máa ń ju ẹsẹ̀ náà síwájú bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń fi igi kan tilẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o. Ìyàwó Mí-mí-dò!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti fi mí pe ẹlòmíràn."

"Ta wá ni ọkọ yín?"

Mo sọ orúkọ ọkọ mi fún un, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Ẹ̀yin kọ́ọ̀sì, ẹ wá gbọ́ o! Ìyàwó Mí-mí-dò ló ní òun ò mọ Mí-mí-dò!"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ẹni tó bí ọmọ fún," ni ẹnì kan ké láti ìdí omi tútù.

"Ẹ má dá a lóhùn, ìyàwó wa, oyin ló ta á lórí nígbà tí a wà ní ibùdó, kò tíì bọ̀ sípò," ni ọkùnrin gíga náà wí.

Wọ́n yí mi ká. Kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé kan náà ṣe ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọkùnrin gíga náà ni ẹnìkejì ọkọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì: ọkọ mi lókè, òun nísàlẹ̀, fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó jókòó tì mí, ó sì ń ròyìn ẹnì kan tí n kò bá pàdé rí. Ó ní Mí-mí-dò lè sín olùkọ́ wọn jẹ débi pé gbogbo ìlà á máa gbọ̀n fún ẹ̀rín, ètè tirẹ̀ kò sì ní mì. Ó ní Mí-mí-dò ni ó ru ìbọn òun mọ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ tí orúnkún òun kọ́kọ́ yẹ̀. Ó ní Mí-mí-dò máa ń kọrin bí ó bá ń wẹ̀. Ọkọ mi kò kọrin nílé mi rí. Wọ́n fi fọ́tò kan hàn mí lára ògiri, níbi tí ó ti la ẹnu rẹ́rìn-ín láàárín wọn, mo sì rí eyín kan ní ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ tí n kò rí rí ní ọdún mẹ́jọ.

Àṣà wa ni pé kí n máa pe ọkùnrin gíga yìí ní ọkọ mi, nítorí pé ará ọkọ mi ni, kí òun náà sì máa pè mí ní ìyàwó wa. Mo pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a kò fọ̀. Nígbà tí mo délé, mo mú bírò, mo sì ṣírò. Mo kọ gbogbo ìsinmi tí ọkọ mi gbà wálé sílẹ̀, ọdún dé ọdún. Nígbà tí mo rò wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ oṣù mẹ́wàá àti ọjọ́ díẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ti àwọn wọ̀nyẹn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èmi tí mo bímọ fún un àti àwọn tí wọ́n jọ sùn nínú yàrá kan kò tó oṣù méjì. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Lọ́dún náà, mo rù débi pé ọmọ mi béèrè bóyá mo ń gbààwẹ̀. Obìnrin kan lè ní orogún kan tàbí méjì, kí ó fara dà á. Èmi ní bí ogójì, gbogbo wọn ni wọ́n ní irùngbọ̀n.

Bí ó bá jẹ́ pé n kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni, bóyá ǹ bá jẹ́ kí ó mọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ní ilé-iṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn ni láti wo ìwé tí ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí àwọn ìgò náà ti ń kọjá níwájú mi. Èyí tí ìwé rẹ̀ bá wọ́, mo máa ń yọ ọ́. Èyí tí ìwé ara rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, mo máa ń pe ọ̀gá. Àwòrán ni mo fi ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, n kò lè ka ohun tí a kọ. Èyí ni ó ti mú mi forúkọ sílẹ̀, ṣáájú ìpàdé yẹn, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìfàkò-Ìjàyè, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àga rẹ̀ kéré fún gbogbo wa. Olùkọ́ wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sára pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀.

"Ẹ rí i pé lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn," ni ó wí. "Àmì ló yà wọ́n. Ẹni tó bá ṣi àmì fi, á lọ fi ọkọ́ ṣe ọkọ."

"Àǹtí, tèmi nílé, ọkọ́ gan-an ni," ni obìnrin aránṣọ kan dáhùn. "Bí èèyàn ò bá gbé e, kò ní lọ síbì kankan."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo tún wo pátákó náà, mo sì rí i pé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ nìkan ni kò ní àmì kankan lórí. Ẹnikẹ́ni ni ó lè fi èyí tí ó wù ú sí i. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé mi, mo kọ orúkọ ọkọ mi, mo sì fi àmì rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i bí ó ṣe rí. Mo wá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ológun láìní àmì, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa sì kà á bí ó ṣe rí lójú rẹ̀. Ìgò tí ìwé ẹlòmíràn wà lára rẹ̀ ni ọkọ mi jẹ́ láàárín wọn. Iṣẹ́ mi sì ni láti yọ irú rẹ̀.

Ìyẹn ni ó wà nínú ìwé tí mo ká sí mẹ́rin ní ọjọ́ Sátidé náà. Mo ti da orúkọ rẹ̀ kọ nígbà mẹ́fà kí n tó yan èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù. Mo bá akọ̀wé nídìí tábìlì rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ó máa ń nu awò ojú rẹ̀ kí ó tó ka ohunkóhun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ ṣe ń pe ọkọ mi kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Èyí ni orúkọ rẹ̀."

Ó nu awò rẹ̀, ó kà á. Ètè rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mẹta. "Re... dò... mí. Ẹ jàre, màmá. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá, ojú tì mí. Ẹnu ló ti mọ́ ọn lára." Ó tún un pè, ó sì fi bírò dá àmì náà sórí ìwé tirẹ̀. "Ó wá dà bí ẹlòmíràn."

"Òun gan-an nìyẹn, sà."

Mo lọ jókòó, n kò sí ní ìlà ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin gíga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin nínú abọ́ pépà. "Ìyàwó wa, ẹ jẹun, ara yín ti fẹ́rẹ̀ lọ tán. Ṣé ẹ fẹ́ kí Mí-mí-dò wá dá mi lẹ́jọ́ lójú àlá ni?" Mo gba abọ́ náà, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnìkejì kò mọ̀ ni.

Wọ́n tò. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Èkínní, èkejì, títí dé ìkeje, ẹsẹ̀ ń ró, "Sà!" ń tẹ̀ lé e. Orúkọ kẹjọ ni ti ọkọ mi. Akọ̀wé gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó sì pè é bí ó ti yẹ kí a pè é, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, kò ṣi ọ̀kankan.

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ni mo ń gbọ́. Ogójì ọkùnrin dúró gbọnrangandan, ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta nìyẹn?" Ẹlòmíràn dáhùn pé, "Ṣé ọmọ kọ́ọ̀sì wa ni?" Ọkùnrin gíga náà ń wo iwájú bí gbogbo wọn. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi sùn lábẹ́ ẹni tí a ń pè, kò sì mọ̀ ọ́n.

N kò ní purọ́. Inú mi dùn. Fún bí ènìyàn ṣe lè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ mi di tèmi nìkan nínú gbọ̀ngàn náà. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ohun tí mo wá gbà ti wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé gbé ojú sókè láti inú ìwé, ó wò mí, mo sì rántí àṣà wọn. Ẹni tí a bá pè tí kò dáhùn, ìyà ni yóò jẹ. Ọkọ mi wà lójú ìlà, wọ́n ti pè é, ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Èmi ni mo mú un dé ibẹ̀.

Mo lè dáhùn fún un. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n "Sà" náà kò jáde; wọn kò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn. Akọ̀wé ti ń fi ìka wá orúkọ kẹsàn-án. Mo dìde, abọ́ pépà bọ́ kúrò lórí itan mi, mo sì fi gbogbo agbára mi ké ohun tí mo ti kórìíra láti ọdún kan gbáko:

"Mí-mí-dò!"

"SÀ!"

Ìró náà wọ inú àyà mi. Àwọn tí wọ́n ti sinmi ẹsẹ̀ gbé e, wọ́n gbá ilẹ̀, ọkùnrin gíga sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó le gbá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ejìká ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Mo jókòó. Wọ́n pe àwọn mẹ́ta tí ó kù, n kò gbọ́ ọ̀kankan.

Lẹ́yìn ètò náà, ọkùnrin gíga wá bá mi. Kò ṣe àwàdà.

"Ìyàwó wa, kí la ṣe yín?"

Mo fi ìwé mi hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò kan àmì tí ó wà lórí sílébù tí ó kẹ́yìn.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n nígbà kan, mo ti gbàgbé ni. Sájẹ́ńtì tó ń pè wá, ará ọ̀nà jíjìn ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti pè é báyẹn, ọkọ yín sì dáhùn. Mo sọ fún un nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pé kó lọ tún un ṣe. Ó ní rárá. Ó ní èébú pọ̀ níbi tí a wà yìí, àárọ̀ dé àṣálẹ́ ni wọ́n ń bú èèyàn. Ó ní kí wọ́n máa rí Mí-mí-dò bú, èyí tí ìyá òun ń pe òun, ilé ni kó máa gbé."

Mo dúró de kí ó fi kún un pé, àti ìyàwó òun. Kò fi kún un. Nígbà náà ọkọ mi kò tíì mọ̀ mí. Ìyá ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n lórí àga oníke náà, mo ka òun náà mọ́ àwọn orogún mi.

Ọkùnrin gíga ká ìwé náà padà sí mẹ́rin. "Ẹ sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀. Ti ilé."

"Bíi kí ni?"

"Ohunkóhun. Báwo ló ṣe ń jẹun?"

"Jẹ́jẹ́. Òun ló máa ń gbẹ̀yìn nídìí oúnjẹ."

"Irọ́ o! Mí-mí-dò? Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n ń fún wa. Á ti jẹ tiẹ̀ tán, á máa wo tèmi."

"Bó bá ń jẹ ẹja, ó máa ń yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sí etí abọ́. Ọmọ rẹ̀ á máa kà wọ́n."

Ó yí ojú sí ìhà ògiri tí fọ́tò wà, ètè rẹ̀ súnkì díẹ̀, mo sì mọ ohun tí ó wà lójú rẹ̀, nítorí pé ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí i nínú dígí mi. Mo lè dákẹ́. N kò dákẹ́. Mo sọ fún un pé bí ọkọ mi bá wà nílé, òun ni ó máa ń tan iná sítóòfù láàárọ̀, àti pé ó máa ń sùn pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọdé. Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo bá a mú igi tí ó fi ń tilẹ̀, a sì jọ jáde sínú ọyẹ́.

Láti ọdún náà, ìlà méjì ni ọkọ mi ní lórí ìwé wọn. Akọ̀wé máa ń pe ti òkè, tí ó ní àmì, èmi àti ọmọ mi á sì dáhùn. Lẹ́yìn náà, á pe ti ìsàlẹ̀, tí kò ní àmì, àwọn náà á sì dáhùn.